Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Ìjìnlẹ̀ Lórí Ìfọ̀rọ̀kọluni àti Aáwọ̀ Láàárín Àwọn Ènìyàn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kọlu ara wọn sábà máa ń gba ibi tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀: á kó àwọn ọ̀rọ̀ burúkú jọ, á tò wọ́n sí ìsọ̀rí, á sì máa wá ibi tí wọ́n ti jẹyọ. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kì í gbé ènìyàn jìnnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà tó dá ìjà sílẹ̀ lónìí lè jẹ́ ohun tí ọ̀rẹ́ méjì yóò fi rẹ́rìn-ín lọ́la. Nígbà tí William Labov, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Harlem, àdúgbò kan ní ìlú New York, ṣe ń bú ìyá ara wọn, nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1972, ó ṣàkíyèsí pé kì í ṣe bí èébú náà ṣe le tó ni ó ń sọ ọ́ di ìjà. Èébú tí gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ gbuu ni, èébú mìíràn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, àwọn tó dúró tì wọ́n á sì máa ṣe ìdájọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n bú jù. Ṣùgbọ́n bí èébú bá ti kan ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa ẹni náà tàbí nípa ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n bú kì í bú padà mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́, tàbí kí ó máa wí àwíjàre. Èsì ni ó fi ìyàtọ̀ hàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé lórí nìyẹn. Ẹ má ṣe pe gbólóhùn kankan ní ìkọlù títí ẹ ó fi lè tọ́ka sí ohun tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ṣe nígbà tó gbọ́ ọ, àti sí ohun tó ti ń lọ kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ni yóò bá mi gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn tó ń fi ìwé ìbéèrè wọn ìhùwàsí, tí wọ́n gbà pé èrò inú ẹni tó sọ̀rọ̀ ni ó ṣe kókó. Wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá kọ́kọ́ fi etí sí èsì kí ó tó máa wá inú ẹni wò.

Yíya àwọn ohun tó jọra sọ́tọ̀

Aáwọ̀ yàtọ̀ sí ìkọlù. Aáwọ̀ wà níbi tí ènìyàn méjì bá ti ń fẹ́ ohun tí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí wọ́n di èrò tó ta ko ara wọn mú tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ jọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tó gbé ohùn sókè. Ìkọlù, ní tirẹ̀, lè wáyé níbi tí kò ti sí aáwọ̀ rárá, bí ìgbà tí ọ̀gá kan bá ń fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ náà kò sì ní ohunkóhun tó ń bá a dù. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá sábà máa ń fi nǹkan mẹ́ta dá ìkọlù mọ̀: pé ẹni tó ṣe é ní i lọ́kàn láti pa ẹnìkejì lára, pé ó gbà pé ohun tí òun ń ṣe yóò pa á lára lóòótọ́, àti pé ẹnìkejì náà kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí òun. Ìtumọ̀ yìí wúlò nínú yàrá àdánwò, níbi tí olùwádìí ti mọ ohun tí ó ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe. Nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ tí àwọn àjèjì méjì sọ lórí tẹlifóònù, tí a kàn rí àgbàsílẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun èlò kankan tí a ó fi wo ọkàn ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni èyí tó wà láàárín àríyànjiyàn àti ìfọ̀rọ̀kọluni. Ní ọdún 1982, Dominic Infante àti Andrew Rancer gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ní gbólóhùn 20, èyí tí a fi ń wọn bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn àríyànjiyàn tó. Ní ọdún 1986, Infante àti Charles Wigley gbé òmíràn jáde, òun náà ní gbólóhùn 20, fún wíwọn ìfọ̀rọ̀kọluni. Ẹni tó ń jiyàn, ní ojú tiwọn, èrò ẹnìkejì ni ó dojú kọ. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ kọluni dojú kọ ẹni náà fúnra rẹ̀, ìwà rẹ̀, ìrísí rẹ̀ tàbí ọgbọ́n orí rẹ̀. Lórí ìwé, ààlà yìí mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè yìí: “Ṣé o tilẹ̀ ka ìwé náà?” Èrò ẹni tí wọ́n bi ni ó ń yẹ̀ lulẹ̀, ó sì tún ń fi ẹni náà hàn bí ọ̀lẹ. Bí ẹ bá ti fi ìsọ̀rí méjì péré bẹ̀rẹ̀, irú gbólóhùn báyìí ni yóò kún ọwọ́ yín, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ ó jù ú sí.

Ní ti tíọ́rì, kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ, àmọ́ ó dára kí ẹ kà wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Erving Goffman ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé, ní ọdún 1955, pé iyì kan wà tí olúkúlùkù ń gbé wọ inú ìbánisọ̀rọ̀, tí àwọn tó bá a pàdé ń bá a dáàbò bò, tí òun náà sì ń dáàbò bo tiwọn. Penelope Brown àti Stephen Levinson mú èrò yìí, wọ́n sì sọ ọ́ di tíọ́rì ọ̀wọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ látinú ìwé wọn ti ọdún 1987. Jonathan Culpeper ni ó wá yí ojú rẹ̀ padà ní ọdún 1996, tó béèrè pé ọ̀nà wo ni àwọn ènìyàn ń gbà nígbà tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ba iyì ẹnìkejì jẹ́. Ẹni tó bá ka Culpeper láìka Goffman yóò rí ìsọ̀rí tó pọ̀, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n wà fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ìbéèrè yín kù. “Kí ni ó ń fa ìjà láàárín àwọn ènìyàn?” kì í ṣe ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè dáhùn nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan. Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn máa ń dárúkọ irú ìpàdé kan, irú ìṣe kan àti ohun tó tẹ̀lé e: nígbà tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá sọ fún oníbàárà tó ń ṣàròyé lórí tẹlifóònù pé kí ó fara balẹ̀, kí ni oníbàárà náà máa ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ tó kàn? Ìbéèrè yìí kéré lójú, àmọ́ ènìyàn lè kó ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ rẹ̀ jọ, ó lè fi wọ́n wé ara wọn, ó sì lè fi ẹ̀rí hàn pé òun jàre tàbí pé òun jẹ̀bi.

Ibi tí ẹ ó ti rí dátà, àti ohun tí dátà kọ̀ọ̀kan lè sọ

Bí ẹ bá fẹ́ fi àdánwò ṣe é, ẹ ka èyí tí Dov Cohen, Richard Nisbett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Yunifásítì Michigan, tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1996. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kọ̀ọ̀kan gba ọ̀nà tóóró kan kọjá. Ẹnìkan tó jẹ́ ti àwọn olùwádìí á fi èjìká gbá a, á sì bú u kẹ́lẹ́ kí ó tó wọ yàrá. Àwọn tó wá láti gúúsù Amẹ́ríkà bínú ju àwọn ará àríwá lọ, omi ara (họ́mónù) tó máa ń pọ̀ nígbà ìpayà àti ìjà sì gbéra nínú itọ́ tí wọ́n gbà lẹ́nu wọn. Ẹwà àdánwò ni pé èébú kan náà ni gbogbo wọn gbọ́, lọ́nà kan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó bú wọn ti kọjá lọ, ìjíròrò kankan kò sì wáyé. Àdánwò náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara; ohun tí ènìyàn yóò sọ padà bí ìjà bá bẹ́ lóòótọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yàn, nítorí pé ó yá. Èyí tí Arnold Buss àti Mark Perry gbé jáde ní ọdún 1992 ni wọ́n ń lò jù: gbólóhùn 29 ni ó ní, ó sì pín sí mẹ́rin, ìyẹn ìfọwọ́kọluni, ìfọ̀rọ̀kọluni, ìbínú àti ìkórìíra. Ibí ni ẹjọ́ àwọn tó ń wọn èrò inú ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé àwọn ìwà kan wà tí ẹni tó ń wò láti ìta kò lè rí, irú bí ìkùnsínú tí ènìyàn kò sọ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó ní èdè mìíràn, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà, kí ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ sì dán an wò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ kí ẹ tó pín in káàkiri. Ẹ má ṣe yọ gbólóhùn tí kò wù yín kúrò, kí ẹ sì máa pè é ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Kí ẹ sì rántí pé ènìyàn díẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun máa ń bú ènìyàn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ewu tirẹ̀. Yorùbá ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Roy Baumeister, Arlene Stillwell àti Sara Wotman sì fi ìwádìí gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1990. Wọ́n ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ ìtàn méjì, ọ̀kan nípa ìgbà tí ẹlòmíràn mú un bínú, èkejì nípa ìgbà tí òun mú ẹlòmíràn bínú. Nínú ìtàn tí ènìyàn ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò tó ti pẹ́, ìpalára rẹ̀ sì wà títí di ìgbà tó ń kọ̀wé. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ó nídìí, ó sì ti parí. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n kọ irú ìtàn méjèèjì, nítorí náà a kò lè sọ pé òpùrọ́ ni apá kan. Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá jẹ́ dátà yín, ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ni bí ènìyàn ṣe ń ròyìn aáwọ̀, kì í ṣe aáwọ̀ náà, ó sì yẹ kí àkọlé iṣẹ́ yín sọ bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, àgbàsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ nítorí ara wọn, tí kì í ṣe nítorí olùwádìí, ni ó níye lórí jù. Ìjíròrò ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìgbẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́, ìpàdé ìta gbangba àti ètò tí àwọn olùgbọ́ ti ń pe ilé-iṣẹ́ rédíò wà ní àrọ́wọ́tó. Àmọ́ ẹ má ṣe gbàgbé pé ìjà orí rédíò ní òǹwòran tirẹ̀, àti pé ètò náà fúnra rẹ̀ ń pín agbára. Ian Hutchby, tó ṣe àgbéyẹ̀wò irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1996, fi hàn pé ẹni tó pè ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èrò rẹ̀ síta, nítorí ìdí tó fi pè náà nìyẹn. Olóòtú ètò á wá wà ní ipò kejì, á lè máa tú èrò ẹni náà wò láìsọ tirẹ̀ rárá. Bí olóòtú bá wá dà bí ẹni tó gbọ́n tó sì lágídí ju gbogbo ẹni tó ń pè lọ, ẹ má ṣe kù gìrì kà á sí ìwà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ètò náà fún láyè láti sọ̀rọ̀ ṣìkejì.

Ìdàkọ àti ìtúpalẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Ìlànà ìdàkọ tí Gail Jefferson ṣe, tí àwọn tó ń ṣe àtúpalẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ ṣì ń lò títí di òní, ń béèrè pé kí a kọ ohun tí etí gbọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí gírámà fẹ́: ibi tí ohùn méjì ti gun ara wọn, ibi tí ohùn ti ga tàbí tó ti lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kù sẹ́nu, èémí tí wọ́n fà, àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, èyí tí a ń wọ̀n ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí kò tíì ṣe é rí yóò máa rò pé àṣejù ni. Kí ó mú àgbàsílẹ̀ asọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ eré oníṣe, kí ó sì tún un kọ pẹ̀lú ìlànà yìí. Nínú àkọ́kọ́, yóò rí ohun tí wọ́n sọ. Nínú èkejì ni yóò ti rí ìgbà tó di ìjà.

Ìdí tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni pé, bí Anita Pomerantz ṣe fi hàn ní ọdún 1984, ẹni tó fẹ́ ta ko èrò ẹlòmíràn nínú ìtàkùrọ̀sọ ojoojúmọ́ kì í sábà sọ ọ́ tààrà. Á dákẹ́ díẹ̀, á fa ọ̀rọ̀ gùn, á kọ́kọ́ gbà díẹ̀ nínú ohun tí ẹnìkejì sọ, kí ó tó wá sọ ibi tí wọn kò ti rí i bákan náà. Gbígbà, ní ìdàkejì, kì í pẹ́. Helga Kotthoff wá fi kún un ní ọdún 1993 pé bí àríyànjiyàn bá ti le, ètò yìí máa ń dorí kodò: àtakò á wá yá kíákíá, láìsí àgbékalẹ̀ kankan, àwọn tó ń jiyàn á sì máa gbá ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mú láti fi na ẹnìkejì náà. Ohun tí ẹ lè fi ṣọ́ àkókò tí ìfèròwérò di ìjà nìyí, láìsí pé ẹ ń fojú inú wo ẹni tó ń bínú. Ẹ wá ibi tí àtakò ti dẹ́kun láti máa lọ́ tìkọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tó rọrùn láti kà. Ní ọdún 1975, Don Zimmerman àti Candace West ròyìn pé nínú ìtàkùrọ̀sọ 11 láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àwọn ọkùnrin ni wọ́n já lu ọ̀rọ̀ nígbà 46 nínú 48. Iye yìí ti rìn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mìíràn, Deborah Tannen ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, tọ́ka sí i lẹ́yìn náà pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ohùn méjì bá gun ara wọn ni ẹnìkan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkejì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fi hàn pé àwọn ń gbọ́ tọkàntọkàn nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ka jíjá lu ọ̀rọ̀, ẹ kà á níbi tí ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti fi hàn pé wọ́n já lù ú: ó gbé ohùn sókè, ó tún gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí, tàbí kí ó dákẹ́ lójijì.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì ni ìpè kan tó wáyé ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984, tí Jack Whalen, Don Zimmerman àti Marilyn Whalen tú palẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1988. Ọkùnrin kan pe nọ́ńbà pàjáwìrì pé ìyàwó bàbá òun kò lè mí dáadáa, kí wọ́n fi ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ránṣẹ́. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó pinnu. Nọ́ọ̀sì ní kí ó jẹ́ kí òun bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè ìdí tí kò fi já gaara. Lójú ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò àìsàn, ìbéèrè gidi ni ìyẹn. Létí ẹni tí ìyá ń kú lọ lójú rẹ̀, ó jọ pé wọn kò gba òun gbọ́, ó sì fèsì pẹ̀lú ìbínú. Nọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́ ìbínú náà ju àìsàn lọ. Ọ̀rọ̀ di asọ̀, ọkọ̀ pẹ́ kí ó tó dé, obìnrin náà sì kú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti àwọn ará ìta rí nọ́ọ̀sì aláìláàánú nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí mẹ́ta yìí kò wá ẹni tó burú. Ohun tí wọ́n fi hàn, láti ìlà kan dé èkejì, ni pé ẹni tó pè gbà pé òun ti béèrè fún ohun kan, ìdáhùn sì ni ó kù, nígbà tí nọ́ọ̀sì gbà pé wọn kò tíì dé ibi tí a ti lè dáhùn. Èsì kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ ẹ̀rí fún ẹnìkejì pé ohun tó fura sí ni. Ẹ kò lè rí èyí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ burúkú, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ burúkú kankan nínú ìbéèrè tó dá a sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi pípín ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ sí ìsọ̀rí, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ènìyàn méjì pín in láìrí iṣẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ṣírò bí wọ́n ṣe fẹnu kò tó pẹ̀lú òdiwọ̀n kappa tí Jacob Cohen gbé kalẹ̀ ní ọdún 1960, tàbí èyí tó bá bá dátà yín mu. Onímọ̀ ìṣirò ni kí ẹ bi ní ìyókù. Kìkì ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé fífẹnu kò kì í ṣe ìjàre. Ní ọdún 2019, Maarten Sap àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ orí Twitter sí ìsọ̀rí fún kíkọ́ kọ̀ǹpútà máa ń tètè pe èyí tí wọ́n kọ ní ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ àrífín, àti pé nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀ka èdè yẹn ni, ìpè bẹ́ẹ̀ dín kù. Ènìyàn mẹ́wàá lè ṣì í gbọ́ bákan náà.

Ẹ̀tọ́ àwọn tí ẹ ń ṣe ìwádìí lé lórí

Gbogbo ìwádìí lórí ènìyàn ni ó ní ìlànà ìyọ̀ǹda, àmọ́ aáwọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún àwọn ènìyàn pé ìjà wọn ni ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, wọn á máa ṣọ́ ẹnu wọn. Bí ẹ kò bá sì sọ ọ́, ẹ ti tàn wọ́n. Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí ẹ sọ ohun tó gbòòrò tó sì jẹ́ òótọ́, pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí èrò wọn kò bá ṣọ̀kan ni ẹ ń wò, kí ẹ sì padà lọ bá wọn lẹ́yìn àgbàsílẹ̀ láti jẹ́ kí wọ́n pinnu apá tí wọn kò fẹ́ kí ẹ lò. Àwọn méjèèjì tó wà nínú asọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà gbè lẹ́yìn kì í ṣòro láti gbà. Ẹni tí wọ́n dójú tì ni ẹ ó dúró dè, bí kò bá sì gbà, ẹ pa á tì, bó ti wù kí àpẹẹrẹ náà dùn tó.

Nípa ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ohun kan wà ní gbangba kò túmọ̀ sí pé ẹni tó kọ ọ́ retí pé kí ó bọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí. Ìlànà tí Association of Internet Researchers, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2002, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2012 àti 2019, rọ àwọn olùwádìí láti wo ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè da gbólóhùn náà kọ sínú Google, kí ó sì bá olówó rẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí gbólóhùn padà, ìtúpalẹ̀ tó dúró lórí ọ̀rọ̀ gan-an ti bàjẹ́. Kò sí ọgbọ́n tó yanjú èyí pátápátá. Àwọn kan máa ń kọ ìwé ìyọ̀ǹda sí ẹni tí wọ́n fẹ́ fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ ní odindi, wọ́n á sì fi ìṣirò nìkan ṣojú fún àwọn yòókù. Ní ti ìhalẹ̀ pé wọn yóò pa ẹnìkan tàbí pé wọn yóò ṣe ọmọdé níbi, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹ ó ṣe sínú ètò yín kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn tó kópa pé àṣírí tí ẹ ṣèlérí ní ibi tó dé.

Ẹ tún ro ti ara yín. Kíka ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pàápàá èyí tó dojú kọ irú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn tí ẹ jẹ́, máa ń wọni lára. Ẹ pín in kéékèèké, kí alámòójútó yín sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Kíkọ àbájáde

Nínú ìwé yín, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé “ó bínú” bí ẹ kò bá lè fi ibi tó ti hàn nínú ìdàkọ han òǹkàwé. Ẹ kọ ọ́ pé ohùn rẹ̀ ga, pé ó fèsì kí ẹnìkejì tó parí, pé ó yí orúkọ tó fi ń pè é padà. Òǹkàwé yóò mọ orúkọ tí yóò sọ ìyẹn. Èébú tó bá wà nínú àpẹẹrẹ yín, ẹ kọ ọ́ ní odindi bí ìtúpalẹ̀ bá dúró lé e lórí, kí ẹ sì kìlọ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́. Fífi àmì bo lẹ́tà rẹ̀ kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ó kàn ń da òǹkàwé láàmú ni. Bí àgbàsílẹ̀ bá wà ní èdè tó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé, ìlà mẹ́ta ni kí àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìtumọ̀ tó já gaara. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìlà wọn, kí ẹ sì máa tọ́ka sí nọ́ńbà náà nínú àlàyé.

Bí ẹ bá ń wá ìwé àtìgbàdégbà tí ẹ ó fi í ránṣẹ́ sí, ọ̀kan wà tó dá lé ọ̀ràn yìí nìkan, Journal of Language Aggression and Conflict, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé John Benjamins. Journal of Pragmatics náà ti ń gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ Culpeper ti ọdún 1996 ti jáde. Ẹ ka ìtẹ̀jáde wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti mọ irú dátà tí wọ́n ń fẹ́. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́, ẹ wo ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn ènìyàn fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rí i dájú pé kò sí àpẹẹrẹ kan tó kọjá ohun tí wọ́n gbà, kí ẹ sì pa àgbàsílẹ̀ rẹ́ ní ọjọ́ tí ìwé náà dá.